Orí ta ni àdánù yóò já lé? Ìdáhùn sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìbéèrè: “Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mí níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, Èkìtì ni ìlú wa wà. Ó ti tó ọdún méjì tí a ti ń dáwó, ó sì ti di mílíọ̀nù 30 náírà. Ohun tí a ń wá ni kí àlàfo tó wà láàárín àwọn tó rí já jẹ àti àwọn obìnrin tó ń yan gàárì nílé dín kù. Àwọn kan ní ká pín in fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní ọ̀fẹ́ ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, ká yá wọn pẹ̀lú èlé díẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ní ‘impact investing’ ló wà lóde báyìí, ká ra ẹ̀rọ, ká dá ilé-iṣẹ́ gàárì sílẹ̀, kí owó wa máa pa èrè. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà. Ẹ là wá lọ́yẹ̀.”

Akọ̀wé, ẹ kú akitiyan ìlú. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo yín fò dá. Owó tí ẹ bá kó lọ sílé, ẹ ìbáà pè é ní ọrẹ, ẹ ìbáà pè é ní àyálò tàbí ìdókòwò, àdánù yóò wà nínú rẹ̀. Òjò lè kọ̀, ẹ̀gẹ́ lè wọ́n, ẹ̀rọ lè bàjẹ́, ọmọ lè ṣàìsàn kí owó ọjà bá ọ̀nà ilé-ìwòsàn lọ. Ohun tó ya ọ̀nà mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ síra wọn ni orí ẹni tí àdánù yóò já lé. Bó bá jẹ́ ọrẹ, ẹ̀yin lẹ gbé e. Bó bá jẹ́ àyálò, obìnrin tó ń yan gàárì ló gbé e. Bó bá jẹ́ ìpín nínú ilé-iṣẹ́, ẹ jọ gbé e. Apá tó pọ̀ nínú àìdọ́gba tí ẹ ń sọ yìí kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ: olówó lè ṣe àṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó ṣì jẹun alẹ́, mẹ̀kúnnù ṣe ẹyọ kan, ilé tú. Nítorí náà, kí ẹ tó bèèrè iye èlé, ẹ bèèrè ẹni tí yóò gbé àdánù.

Ẹ jẹ́ ká tú orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ yín mú wá. Ọdún 2007 ni orúkọ yẹn jáde, níbi ìpàdé kan tí àjọ Rockefeller pè ní Bellagio, ní Ítálì. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: olówó fi owó dókòwò, ó ń retí kí owó rẹ̀ padà wálé, ó sì ń retí kí ìgbé ayé àwọn kan sàn sí i, lọ́nà tí a lè wọ̀n. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé oríṣi kan ṣoṣo ni. Àwọn kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé èrè ọjà gan-an ni wọ́n fẹ́, kò gbọdọ̀ dín. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ oníyangàárì. Ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ti ní ìwé ìṣirò tó pé, tí báǹkì pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yá lówó, ló ń lọ. Àwọn mìíràn wà, bíi Acumen tí Jacqueline Novogratz dá sílẹ̀ ní 2001, tí wọ́n gbà kí owó wọn pẹ́ níta fún ọ̀pọ̀ ọdún kí èrè sì kéré. Owó onísùúrù ni wọ́n ń pè é. Ẹ wá kíyè sí i: ọrẹ tí àwọn ènìyàn dá ni Acumen ń kó dókòwò. Sùúrù yẹn, àwọn tó dáwó ló sanwó rẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó gbà láti pàdánù, kò sí owó onísùúrù.

Ti pé ọ̀fẹ́ ń sọ ènìyàn di ọ̀lẹ, wọ́n ti dán an wò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní agbègbè Siaya ní Kẹ́ńyà, àjọ GiveDirectly fi nǹkan bíi dọ́là 1,000 ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìdílé tó lé ní 10,000, wọn kò sì pàṣẹ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Owó náà sún mọ́ ohun tí ìdílé kan ń ná ní oṣù mẹ́sàn-án. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó tọpa rẹ̀ rí i pé dọ́là kan tó wọlé mú kí ọrọ̀ ajé àdúgbò náà gbòòrò ní nǹkan bíi dọ́là méjì àbọ̀, nítorí ọjà ìtòsí ni wọ́n ti ná an. Aládùúgbò tí kò gba kọ́bọ̀ náà jẹ nínú rẹ̀, ọjà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n sí i. Nígbà tí wọ́n sì kó ìwádìí 19 láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ lórí bóyá owó ọ̀fẹ́ ń bá ọtí àti sìgá lọ, wọn kò rí i pé ó ń rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ sinmi. Àrùn tí ọ̀fẹ́ ní gan-an, méjì ni. Ọ̀kan ni pípín in wẹ́wẹ́: mílíọ̀nù 30 fún obìnrin 1,500 jẹ́ 20,000 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjà kan ti tán an. Èkejì ni ẹni tó ń kọ orúkọ. Bí ẹ bá fi ìwé orúkọ sílẹ̀ fún baálẹ̀, olóṣèlú àti olórí ìjọ láti kọ fún yín, àwọn ẹbí wọn ni ẹ óò bá nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àdúgbò pe orúkọ ní gbangba, kí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ará ibẹ̀ sì lọ láti ilé dé ilé láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti àyálò ni kí ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni inú rere ti tètè ń di ìdè. Ìwọ̀fà kò jìnnà sí wa tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi gbàgbé pé gbèsè lè gba ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni. Báǹkì Grameen, tó ń yá àwọn mẹ̀kúnnù lówó kékeré, tí Muhammad Yunus sọ di báǹkì ní Bangladesh ní 1983, gba Ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú rẹ̀ ní 2006, gbogbo ayé sì rò pé a ti rí oògùn òṣì. Ní 2015, ìwádìí mẹ́fà jáde pọ̀, láti Bosnia, Ethiopia, Íńdíà, Mẹ́síkò, Mongolia àti Mòrókò. Àyálò kékeré jẹ́ kí àwọn kan tó ti ní òwò tẹ́lẹ̀ mú un gbòòrò, ó sì fún àwọn ènìyàn ní àyè láti yan bí wọn yóò ṣe ná owó wọn; ṣùgbọ́n owó tó ń wọlé fún ìdílé lápapọ̀ kò yí padà lọ́nà tó ṣe é fọwọ́ sọ̀yà. Ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní Íńdíà, ní 2010, àwọn ilé-iṣẹ́ àyálò tó ń sáré èrè ti yá obìnrin kan náà lówó láti ọwọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí ìjọba tó fòfin dá wọn dúró tí sísan owó padà sì dojú dé. Nílé wa, àwọn ọlọ́jà ti fún irú àyálò bẹ́ẹ̀ lórúkọ: gbọ́mú-lé-láńtà. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò nílò ìwé ìwádìí kankan.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní èlé 5% lóṣù lórí 100,000 náírà, oṣù mẹ́fà. Èlé jẹ́ 30,000, gbogbo rẹ̀ di 130,000, ó ń san nǹkan bíi 21,670 lóṣooṣù. Ní ojú, 5% ni. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní ló ti ń dá owó padà. 100,000 kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ orí 100,000 ni wọ́n ṣì ń ka èlé lé títí dé oṣù kẹfà. Bí a bá ka èlé náà lórí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, nǹkan bíi 8% lóṣù ni. Bí wọ́n bá tún yọ 10,000 sílẹ̀ lọ́jọ́ tó gba owó, tí wọ́n pè é ní ìfipamọ́ tí yóò gbà lópin, 90,000 ló gbé lọ sílé, èlé rẹ̀ sì ti tó nǹkan bíi 9.5%. Kò sí irọ́ nínú ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ka á ni ọgbọ́n wà. Nítorí náà, bí ẹ bá máa yá ẹnikẹ́ni lówó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé orí owó tó kù nìkan ni èlé yóò máa wà. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì ń fọ́nnu fún yín pé gbogbo oníbàárà àwọn ló ń san padà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tà láti san gbèsè, sísan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó lọ gba sógúndogójì láti fi san èyí náà, sísan ni. Onídùúró tó fi owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ san ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, sísan náà ni.

Àkókò tún le ju èlé lọ. Ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́, tó ń bó o, tó ń rin ín, tó ń fún un, tó ń yan án, tó sì ń tà á lọ́jọ́ ọjà, owó rẹ̀ ń yí padà láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá; ó lè máa san díẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò ní fa nǹkan kan tu kó tó di oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fún un ní àyálò tí sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó yín kò ní dé oko; yóò pa á mọ́ láti fi máa san án padà fún yín, ẹ óò sì kọ̀wé sílé pé ètò ń lọ dáadáa. Ní Kolkata ní Íńdíà, wọ́n dán an wò kí olùyáwó má san nǹkan kan fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Èrè òwò wọn pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí kò lè san padà náà pọ̀ sí i, torí ọwọ́ wọn yá láti dán ohun tó léwu díẹ̀ wò. Ohun tí ẹ óò bá pàdé gan-an nìyẹn: bí ẹ bá fẹ́ kí òwò gbòòrò, ẹ óò fara mọ́ àdánù díẹ̀, bí ẹ kò bá fẹ́ àdánù rárá, ẹ óò ní ìwé tó mọ́ tónítóní àti òwò tó dúró sójú kan.

Ní ti ilé-iṣẹ́ gàárì, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ dára nínú fọ́tò. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan kì í mú ju kílò 200 sí 250 gàárì jáde. Ìyókù jẹ́ omi, èèpo àti ìdọ̀tí. Ẹ̀gẹ́ tí a ti fà tu kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tó bá gbé ilé-iṣẹ́ sí ẹ̀bá títì torí kí àlejò lè rí i, owó ọkọ̀ omi àti èèpo ni yóò máa san lójoojúmọ́. Ẹ̀gbẹ́ oko ni ẹ̀rọ ń gbé, níbi tí omi wà. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa ilé-iṣẹ́ àwùjọ jù ni owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà. Wọ́n máa ń dá iye kan tó kàn ra dísẹ̀lì, wọ́n á ní kó má baà nira fún àwọn ìyá. Ká ní ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1,500,000 náírà, tí yóò lo ọdún márùn-ún, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 250 lọ́dún: 1,200 náírà gbọ́dọ̀ máa wọ àpótí ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ kìkì láti ra òmíràn, kí a tó ka dísẹ̀lì, òróró, bẹ́líìtì, páànù ìrin tó máa ń kú, àti owó ọmọ tó ń wa ẹ̀rọ. Owó ọjà sì ń lọ sókè, 1,500,000 yẹn kò ní ra á mọ́ lọ́dún karùn-ún, ẹ óò máa fi kún un. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá 1,200 yẹn sọ́tọ̀, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú ni ilé-iṣẹ́ kú, àwọn ìyá á padà sọ́dọ̀ ọkùnrin oníẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Ọkùnrin yẹn náà tún ńkọ́? Ọmọ ìlú ni. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ yín lè lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí tiyín tó kú. Ẹ lọ wò bóyá ohun tó yẹ ni kí ẹ yá òun lówó kó ra ẹ̀rọ tó dára jù, kí iye tí yóò máa gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá sì wà nínú àdéhùn.

Bó bá jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà ṣì ni ẹ fẹ́, ìbéèrè tó kù ni ti ẹni tó ni ín. Bí ìpín bá jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù pátá, àwọn ìyá kàn di òṣìṣẹ́ ni. Èrè ń kọjá òkun, àlàfo tí ẹ fẹ́ dí sì ń fẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láti ọjọ́ kìíní pé apá kan nínú ìpín jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn oníyangàárì, kí apá náà sì máa pọ̀ sí i bí owó yín ṣe ń padà, títí yóò fi di tiwọn.

Àwọn kan wà nílùú yín tí kò sí èyí tó kàn wọ́n nínú gbogbo èyí: opó tí kò ní òwò kankan, ẹni tó ń ṣa igi tà. Ẹ má yá wọn lówó. Àjọ BRAC ní Bangladesh bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún irú wọn ní 2002: wọ́n á fún un ní ewúrẹ́ tàbí ọjà òwò, wọ́n á máa fún un ní owó oúnjẹ fún oṣù díẹ̀ kó má baà pa ewúrẹ́ jẹ, wọ́n á kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n á bá a ṣí ibi ìfowópamọ́, ẹnì kan á sì máa yà á wò nílé déédéé fún nǹkan bí ọdún méjì. Ìwádìí tó jáde ní 2015 láti Ethiopia, Ghana, Honduras, Íńdíà, Pakistan àti Peru fi hàn pé ìgbé ayé wọn sàn, ó sì ṣì sàn lẹ́yìn ọdún kan tí ètò parí. Ní Honduras, adìẹ ni ọ̀pọ̀ wọn yàn, àrùn sì pa adìẹ. Ẹ fi ti Honduras sọ́kàn: ohun ọ̀sìn tí kò sí oníṣègùn ẹran nítòsí rẹ̀ kì í ṣe ọrẹ. Ètò yìí gbówó lórí, ìdílé 30 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣe 300.

Bí mo bá ní láti pín mílíọ̀nù 30 yín, mílíọ̀nù 9 á lọ sí àwọn ìdílé 30 yẹn, ìyẹn 300,000 lórí ìdílé kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù 12 á lọ sí àyálò fún àwọn tó ti ń ṣòwò, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti wà nílùú. Mílíọ̀nù 6 á jókòó sí báǹkì gẹ́gẹ́ bí owó àdánù: bí olùyáwó kan kò bá lè san, owó yìí á gbé ìdajì, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á gbé ìdajì. Ẹ má gbé gbogbo rẹ̀, torí ẹgbẹ́ tí kò ní pàdánù kọ́bọ̀ kò ní lọ bèèrè gbèsè. Ẹ má sì kéde rẹ̀ lọ́jà, torí ọjọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ni sísan padà yóò dín kù. Mílíọ̀nù 3 tó kù ni owó akọ̀wé ìṣirò, owó ọkọ̀, fóònù àti ẹni tí yóò yẹ ìwé wò. Inú àwọn olùdáwó kì í dùn sí owó yìí, wọ́n á ní kí gbogbo kọ́bọ̀ dé ọ̀dọ̀ aláìní. Ètò tí kò ní akọ̀wé, olè nìkan ló ń kọ ìwé rẹ̀.

Ẹ má fi pọ́n-ùn ka owó tó ti di náírà. Ní oṣù karùn-ún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi 460 náírà ní ojú ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti tó 1,500. Ẹni tó yá obìnrin lówó ní náírà, tí obìnrin náà san gbogbo rẹ̀ pé, ti pàdánù nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bó bá kà á ní dọ́là. Àwọn kan ń sá fún èyí nípa pé kí olùyáwó san án padà ní iye dọ́là tó gbà. Ìwà ìkà ni: oníyangàárì ni yóò wá máa gbé àdánù Báǹkì Àpapọ̀. Ká ní èlé 2% lóṣù lórí owó tó kù ni ẹ gbà, ìyẹn nǹkan bíi 24% lọ́dún, kò tó ọ̀wọ́ngógó irú èyí tó dé 34.8% lọ́dún ní oṣù kejìlá 2024. Ìyàtọ̀ yẹn ni ọrẹ yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní olè.

Ní ti òfin, ohun tó ń mú ènìyàn kì í pọ̀. Bí owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ yín lọ́dún bá ju £5,000 lọ, tó sì jẹ́ iṣẹ́ àánú ni ẹ dá a sílẹ̀ fún, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ àánú níbẹ̀. Ẹ lè wá gba Gift Aid, owó tí ìjọba fi ń kún ọrẹ, 25p lórí £1 kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá dá. Ṣùgbọ́n owó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń retí kó padà sápò rẹ̀ kì í ṣe ọrẹ, ẹ má gba Gift Aid lórí rẹ̀. Ẹ ya ìwé méjèèjì sọ́tọ̀. Láti 2016 ni òfin ti fún àwọn àjọ àánú ní Ẹ́ńgíláǹdì àti Wales láṣẹ tó ṣe kedere láti fi owó wọn dókòwò fún ète àánú. Ní Nàìjíríà, bí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, bá forúkọ yín sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Incorporated Trustees, ìyẹn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè, ẹ kò lè pín èrè fún ara yín. Kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ máa gba owó ìfipamọ́ lọ́wọ́ ará ìlú láìní ìwé àṣẹ Báǹkì Àpapọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí àyálò gba ọwọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé àdéhùn náà fún agbẹjọ́rò nílé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ má sì fi ohun tí owó yín kò lè ṣe tan ara yín jẹ. Nígbà tí Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní 1955 lábẹ́ Awólọ́wọ̀, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọdún kan. Owó ìjọba ló ṣe é, kì í ṣe ọrẹ olówó. Mílíọ̀nù 30 kò ní la ọ̀nà oko, kò ní fi nọ́ọ̀sì sí ilé-ìwòsàn, kò sì ní yí ẹni tó ni ilẹ̀ padà. Bí ọ̀nà oko bá ṣì burú, onímọ́tò ni yóò jẹ èrè gàárì. Ó lè jẹ́ pé ohun tó tóbi jù tí ẹgbẹ́ yín lè ṣe ni kí ẹ lo ẹnu yín lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀nà yẹn.

Kí ẹ tó fi náírà kan ránṣẹ́, ẹ ní kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ fẹ́ bá ṣe kó ìwé àyálò ọdún méjì sẹ́yìn wá. Ẹ mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ 20, ẹ̀yin ni kí ẹ mú un o, kì í ṣe alága wọn, kí ẹ fi wé ìwé ńlá, náírà sí náírà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye àyálò tó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ wọn fúnra wọn. Bó bá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ wá ẹgbẹ́ mìíràn.